Bí Ara Òṣìṣẹ́ Kò Bá Yá, Ṣé Oníbàárà Ni Yóò Kọ Ọjà?

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìgànná àti agbègbè rẹ̀, pàápàá àwọn tó ń ka ohun tó ń lọ nílùú òyìnbó lórí fóònù. Wọ́n ní bí ọ̀gá kan bá ń yọ owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àìsàn bá dá a gúnlẹ̀, ká má rajà lọ́wọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ká pa ìsọ̀ rẹ̀ tì títí ojú rẹ̀ yóò fi là. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí, ó sì jọ ohun tó rọrùn: owó wa ni, ẹsẹ̀ wa ni, kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú wa ná owó síbi tí kò wù wá.

Èmi ò ní kò dáa. Ohun tí mo ní í sọ ni pé ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn gan-an ni òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu. Bí a bá kọ ọjà nítorí rẹ̀ láì bi í léèrè, orí rẹ̀ ni igi yóò kọ́kọ́ wó lé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi òfin bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọ̀gá àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló rò pé àánú ni owó àìsàn, pé ọ̀gá tó bá wù ló ń ṣe é. Kì í ṣe àánú. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974 tó sì wà títí dòní, sọ ní abala 16 pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 láàárín ọdún kan, bí àìsàn kò bá jẹ́ kó lè wá síbi iṣẹ́. Ọjọ́ méjìlá péré ni o. Ní ilẹ̀ Jámánì, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọ̀gá fi ń san owó pípé. Síbẹ̀, ẹni tí ibà bá ti gbé dè lórí ẹní nígbà òjò mọ̀ pé ọjọ́ méjìlá kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́ sẹ́yìn.

Òfin yìí kò sì sọ pé ó dìgbà tí ilé iṣẹ́ bá tóbi. Òfin owó oṣù tó kéré jù, ìyẹn 70,000 náírà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25 sílẹ̀. Nítorí náà, kò fi bẹ́ẹ̀ kan ìsọ̀ àti ilé iṣẹ́ kéékèèké tó wà ní Òkè-Ògùn wa níbí. Ti owó àìsàn kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ nínú. Ìyá tó gba ọmọ méjì tó ń bá a di omi sínú ọ̀rá wà lábẹ́ rẹ̀ bí ilé iṣẹ́ ńlá tó wà n'Íbàdàn ṣe wà lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀tọ́ náà ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí. Òfin ní dókítà tó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé lóòótọ́ ni ara kò yá, ọ̀gá sì lè ní kí òṣìṣẹ́ lọ bá dókítà tí òun fúnra òun yàn. Ta ni nínú wa ló ń lọ rí dókítà kí ibà tó burú? Ilé kẹ́míìsì la máa ń kọ́kọ́ yà. Wọ́n á po oògùn pọ̀ fún wa nínú bébà, wọ́n lè gún wa lábẹ́rẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìyá àgbà nílé á se àgbo. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń yá. Ṣùgbọ́n onílé kẹ́míìsì kò lè kọ ìwé tí òfin mọ̀, ìkòkò àgbo kì í sì í kọ̀wé rárá. Òṣìṣẹ́ á padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin lọ́wọ́ òfìfo, ọ̀gá á ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?" Bí owó ọjọ́ wọ̀nyẹn ṣe lọ nìyẹn. Nítorí náà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ mi, bí ara kò bá yá, ẹ gbìyànjú kí ẹ dé ilé ìwòsàn ìjọba kí ẹ sì gba ìwé, kódà bó jẹ́ àgbo ilé lẹ máa padà mu.

Àwọn kan tún wà tí òfin náà kò dáàbò bò dáadáa. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àbójútó àti iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé sílẹ̀, nítorí náà tíṣà ilé ìwé aládàáni lè máà rí ara rẹ̀ níbẹ̀, àfi ohun tó bá wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò gba owó oṣù kò ní owó tí wọ́n fẹ́ san fún un nígbà àìsàn. Alágbàṣe tó gba iye ebè kan láti kọ, bí kò bá kọ ọ́, kò sówó. Àwọn obìnrin tó ń yan gàrí tí wọ́n ń gbowó lórí iye tí wọ́n bá yan, ibì kan náà ni wọ́n wà.

Bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ pákí bá gé ọmọ iṣẹ́ ní ìka ńkọ́? Òfin mìíràn ló mú ìyẹn, èyí tí wọ́n ṣe ní 2010. Ó ní kí ọ̀gá máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù tó ń san sínú àpò kan tí àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ń bójú tó, kí wọ́n lè fi tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi onílé gàrí tó sún mọ́ yín jù bóyá ó ti gbọ́ orúkọ yẹn rí.

Bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ du òṣìṣẹ́, ta ni yóò gbà á fún un? Gómìnà kò lè tún Òfin Iṣẹ́ ṣe. Àbújá nìkan ni òfin ìpìlẹ̀ 1999 gbé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní National Industrial Court, ní ẹ̀ka n'Íbàdàn. Kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìgànná tó lọ síbẹ̀ tó sì bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, owó ọkọ̀ á ti jẹ owó ọjọ́ méjìlá náà tán. Èyí ló jẹ́ kí n lóye àwọn ọ̀dọ́ wa. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ilé ẹjọ́ bá jìnnà, ọjà kò jìnnà.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí.

Mo wọ ilé búrẹ́dì kan ní Ìgànná níbí lóru, nítorí òru ni wọ́n ń yan án kó lè dé ọjà ní gbígbóná. Àwọn ọmọkùnrin bọ́ra sílẹ̀, wọ́n ń po ìyẹ̀fun, òógùn ń ro tó-tó-tó. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń ti búrẹ́dì sínú ọ̀rá, ó ń so ó lẹ́nu. Ó fi ìborùn di ara rẹ̀ mọ́ra. Nínú ooru tó ń mú gbogbo wa làágùn, òun ń gbọ̀n. Mo ní kí ló dé tí kò lọ sùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, tí mi ò bá wá, wọ́n á yọ tòní ni." Ó ní ọjọ́ mẹ́ta lòun ò wá lóṣù tó kọjá, ọjọ́ mẹ́ta náà ni wọ́n yọ, owó abẹ́rẹ́ tún ń bẹ lọ́rùn òun. Mo wá bi í pé bí mo bá bọ́ sórí rédíò, tí mo ní kí gbogbo ìlú má ra búrẹ́dì ibẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ó dá ọwọ́ dúró, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi pé. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Tí búrẹ́dì ò bá tà, èmi tí mò ń dì í ni wọ́n máa kọ́kọ́ ní kó jókòó sílé. Màdáámú ni kẹ́ ẹ bá mi bẹ̀, kí wọ́n má yọ ọ́."

Ó ní ká bá òun bẹ̀ ẹ́. Kò mọ̀ pé òfin wà. Ṣùgbọ́n ó mọ bí ọjà ṣe ń rìn ju àwa tá a jókòó ti fóònù lọ. Nígbà tí ọjà bá kùtà, ọ̀gá kì í kọ́kọ́ dín ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ kù. Ẹni tó ń gba owó òòjọ́ ló máa ń sọ fún pé, "Má wá lọ́la, tí iṣẹ́ bá wà n ó pè ọ́." Ní ìlú ńlá bí Èkó, ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún lè kọjá sódì kejì títì kó wá nǹkan ṣe. Ní Ìgànná, ilé búrẹ́dì mélòó ló wà?

Ká tún wá ní a kọ ti ibí, a lọ ń ra èyí tí ọkọ̀ kó wá láti Ìsẹ́yìn tàbí Òkèhò. Ta ló sọ fún wa pé ọ̀gá tọ̀hún ń sanwó àìsàn? Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí ìsọ̀ kan tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ilẹ̀kùn pé àwọn ń sanwó àìsàn, kò sì sí èyí tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pé àwọn kì í san. Oníbàárà tó bínú kúrò ní ìsọ̀ kan lè ti fi owó rẹ̀ lé ọ̀gá tó burú jù lọ lọ́wọ́ ní ìsọ̀ kejì. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Àwa oníbàárà pàápàá, ẹ jẹ́ ká wo ara wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ká ní ilé búrẹ́dì kan ní òṣìṣẹ́ márùn-ún, ká ní 39,000 náírà ni oníkálukú ń gbà lóṣù fún ọjọ́ iṣẹ́ 26. Ojúmọ́ kan jẹ́ 1,500. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lo gbogbo ọjọ́ méjìlá tí òfin fún un, 18,000 ni. Ká tilẹ̀ ní ọdún náà le, gbogbo àwọn márààrún ló ṣàìsàn lo ọjọ́ wọn tán: 90,000 náírà ni lọ́dún. Bí ilé búrẹ́dì náà bá ń ta búrẹ́dì 200 lójúmọ́, lọ́dún kan yóò ta 62,400. Ẹ pín 90,000 sí i. Náírà kan àti ogójì kọ́bọ̀ ó lé díẹ̀ ló kan búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan. Kò tó náírà méjì! Owó tí a ò lè fi ra súwíìtì ọmọdé.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn ọ̀gá kan máa fọ̀ sí èyí. Wọ́n á ní ẹlòmíì làwọn máa gbà dípò ẹni tó ń ṣàìsàn, pé ẹ̀ẹ̀mejì làwọn ń san nígbà náà. Mo ti kà á mọ́ ọn: owó tó yẹ kí ẹni tó wà níbi iṣẹ́ gbà ni ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ń gbà; èyí tó jẹ́ àfikún ni ti ẹni tó wà lórí ẹní. Èsì kan wà tí mo gbà, ìyẹn ni pé àìsàn kì í wá ní kọ́bọ̀-kọ́bọ̀. Ó lè jẹ́ oṣù tí ìyẹ̀fun gbówó lórí ni òṣìṣẹ́ méjì máa dùbúlẹ̀ pa pọ̀, tí ọ̀gá náà sì ń wá owó dísù. Ọ̀gá kékeré pàápàá kò ní ẹni tó ń sanwó àìsàn fún òun. Ọjọ́ tí ìyá oníbúrẹ́dì bá wà nílé ìwòsàn, ààrò á tutù.

Àwa náà ń dá kún un. Ẹni tó ń ná ọjà wálẹ̀ títí èrè fi tán nínú rẹ̀, owó òṣìṣẹ́ wà nínú ohun tó ń ná. Ẹni tó gba àwìn láti ọdún Iléyá tí kò tíì san, kó má bá wa sọ̀rọ̀ ká kọ ọjà ọ̀gá burúkú. Ibi tí èyí ti burú jù ni ilé ìwé aládàáni. Àwa òbí ni oníbàárà níbẹ̀. A ń jẹ owó ilé ìwé láti táàmù dé táàmù, bẹ́ẹ̀ inú owó yẹn ni owó tíṣà wà. Wọ́n ní èrè tíṣà ń bẹ lọ́run. Kẹ́míìsì kì í gba owó ọ̀run. Tíṣà tí táífọ́ọ̀dù ń ṣe á dìde wá kọ́ àwọn ọmọ wa, á máa di ògiri mú, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì, ẹlòmíì ni òun máa bá nínú kíláàsì òun.

Mo mọ̀ pé kò sí òbí tó máa yọ ọmọ rẹ̀ kúrò ní àárín táàmù nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n a ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. A máa ń jókòó níbẹ̀, a máa ń ṣàríyànjiyàn lórí àwọ̀ yúnífọ́ọ̀mù fún wákàtí kan gbáko. Kí ló dé tí ẹnì kan kò lè dìde kó ní, "Alága, bí tíṣà bá ṣàìsàn nílé ìwé yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Ìbéèrè yẹn kò lé tíṣà kankan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí òbí mẹ́wàá bá sì béèrè rẹ̀ ní ìpàdé méjì tó tẹ̀ léra, alága ilé ìwé á wá èsì. Ní ìlú tí gbogbo wa ti mọ ara wa, tí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní mọ́ṣáláṣí tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ń tini ju kí ìsọ̀ ó dá lọ.

Kì í ṣe pé kíkọ ọjà kò ṣiṣẹ́ rí. Ó ti ṣiṣẹ́ gan-an ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Accra, ní òpin 1947, ọ̀wọ́n ọjà ìlú òyìnbó ti sú àwọn èèyàn. Olóyè kan ní Osu, Nii Kwabena Bonne, kó wọn jọ. Kò kàn pariwo pé kí wọ́n kọ ọjà. Ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníṣòwò ńlá pé kí wọ́n dín iye tí wọ́n ń tà kù, ó sì dá ọjọ́ fún wọn. Ọjọ́ pé, wọn ò ṣe é, ni wọ́n bá kọ ọjà láti 26 oṣù Kìíní 1948. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò gbà láti dín èrè orí ọjà kù láti 75 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ni àwọn èèyàn bá padà sí ìsọ̀ ní 28 oṣù Kejì.  

Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tó ń ra ọjà ọ̀wọ́n ni ìyà ń jẹ, àwọn náà ló kọ̀ ọ́, àwọn náà ló mọ ìgbà tí wọ́n lè padà. Ní ti owó àìsàn, ìyà ń jẹ ẹnì kan, ẹlòmíì ló fẹ́ bínú.

Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ni ọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀. Ní Immokalee, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ká tòmátì lóko olóko, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti Mẹ́síkò, Guatemala àti Haiti, ni àwọn fúnra wọn dìde ní 2001 tí wọ́n ké sí àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má jẹun ní ilé oúnjẹ Taco Bell mọ́. Taco Bell kọ́ ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló ń ra tòmátì náà ní owó pọ́ọ́kú. Ohun tí wọ́n béèrè kò ju kó fi sẹ́ǹtì kan kún owó ìwọ̀n pọ́n-ùn tòmátì kọ̀ọ̀kan, kí sẹ́ǹtì náà sì dé ọwọ́ ẹni tó ká a. Ọdún mẹ́rin ló gbà. Ní 2005, ilé iṣẹ́ náà gbà fún wọn.

Ti Jámánì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, ẹ má rò pé ìjọba ibẹ̀ kàn jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó ṣàánú. Àwọn òṣìṣẹ́ ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi àti ibi iṣẹ́ irin ní Schleswig-Holstein ló dáṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1956, wọ́n lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún, wọn ò sì padà títí di oṣù Kejì 1957. Ọjọ́ 114. Owó àìsàn wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n torí rẹ̀ jókòó. Òfin tẹ̀ lé e ní ọdún náà, èyí tó dára jù sì wá dé ní 1969. Kò sí oníbàárà kankan nínú ìtàn yẹn. Ní ti Bìrìtéènì níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń tọ́jú arúgbó, pọ́n-ùn 116.75 ni owó àìsàn tí òfin ní kí ọ̀gá san lọ́sẹ̀ láàárín 2024 sí 2025, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sì lówó nínú. Àfi ìgbà tí wọ́n ṣe òfin mìíràn ní 2025 láti mú ọjọ́ mẹ́ta yẹn kúrò. Ẹ bi àwọn ọmọ yín nígbà tí wọ́n bá pè. Wọ́n á sọ fún yín bí èèyàn ṣe ń fi òtútù àyà lọ síbi iṣẹ́ alẹ́.

Ibì kan wà tí èmi kò ní dúró de ẹnikẹ́ni kí n tó gbẹ́sẹ̀: ibi oúnjẹ. Bí ẹni tó ń bu àmàlà bá ń wúkọ́ sórí abọ́, mo ń lọ. Ikùn tèmi nìyẹn, ẹ̀tọ́ tèmi sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìtàn obìnrin kan báyìí, Mary Mallon, alásè ní New York. Kòkòrò táífọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ń ṣàìsàn, àwọn tó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀. Ní 1907, ìjọba gbé e lọ sí erékùṣù kan, wọ́n sé e mọ́bẹ̀. Ní 1910 wọ́n fi í sílẹ̀ pé kó má dáná fún èèyàn mọ́. Ó gbà, ó lọ ń fọṣọ. Owó ìfọṣọ kò tó ti ìdáná, kò sì sẹ́ni tó fi nǹkan kún un. Ó yí orúkọ padà, ó padà sídìí ààrò. Ní 1915, ilé ìwòsàn àwọn abiyamọ ni wọ́n ti tún rí i, èèyàn 25 ti kó àrùn náà, méjì kú. Wọ́n dá a padà sí erékùṣù, ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú ní 1938. Aráyé sọ ọ́ ní orúkọ burúkú títí dòní. Mi ò ní kò jẹ̀bi. Mò ń béèrè pé èló ni ìlú ọlọ́rọ̀ yẹn ì bá máa san fún un lọ́sẹ̀ kó má bàa dáná?

Nítorí náà, bí a bá kúrò nídìí olóúnjẹ nítorí pé ara ọmọ tó ń bu oúnjẹ kò yá, ẹ má dákẹ́ lọ. Bí a bá dákẹ́ lọ, ìyá olóúnjẹ á rò pé ti ẹnì kejì ló pọ̀ ju ti òun. Ẹ pè é sẹ́yìn ilé, ẹ ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí lọ sinmi, ẹ má sì yọ owó rẹ̀. Tó bá yá, mo ń padà bọ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù fún oníṣòwò.

Àwọn baba wa kò ní owó oṣù, ṣùgbọ́n wọ́n ní àáró. Bí ẹ bá ń bá ara yín ṣe àáró, tí ọ̀kan sì dùbúlẹ̀, ẹ ò ní jẹ́ kí igbó bo iṣu rẹ̀. A ṣì ń dá àjọ, a ṣì ń ṣe ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Kí ló dé tí àwọn onílé gàrí mẹ́rin, oníbúrẹ́dì méjì àti àwọn tó ń di omi sínú ọ̀rá kò lè pa àjọ kan pọ̀, kí ọ̀gá dá tirẹ̀, kí òṣìṣẹ́ dá tirẹ̀ díẹ̀, kó jẹ́ ti àìsàn nìkan? Oṣù tí òṣìṣẹ́ ọ̀gá kan bá dùbúlẹ̀, owó àwọn tó kù wà níbẹ̀. Ìyẹn máa bo àwọn tí òfin 1974 kò dárúkọ pàápàá, àwọn obìnrin tó ń yan gàrí.

Bí gbogbo èyí bá wá kùnà ńkọ́? Bí a bá bẹ ọ̀gá, tí àwọn àgbà dá sí i, tí ó ṣì fi ẹsẹ̀ tẹ òfin mọ́lẹ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fúnra wọn sì jókòó, tí wọ́n ní, "Ẹ bá wa kọ ọjà yìí"? Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́. Ká sọ ohun tí a ń béèrè ní gbólóhùn kan: ọjọ́ méjìlá tí òfin wí. Ká dá ọjọ́ fún un bí ti Accra.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí Montgomery, ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn èèyàn dúdú ti kọ ọkọ̀ bọ́ọ̀sì láti oṣù Kejìlá 1955 fún ọjọ́ 381 nítorí pé wọ́n ń lé wọn dìde lórí ìjókòó. Ìbínú nìkan kò lè gbé wọn dé ọjọ́ 381. Wọ́n ṣètò ọkọ̀ ara wọn tó ń gbé èèyàn lọ síbi iṣẹ́ lárọ̀ọ́ tó sì ń gbé wọn bọ̀ nírọ̀lẹ́, wọ́n ń dáwó epo ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ẹni tó ń ka owó náà, ó ní ẹni tó ń wa ọkọ̀. Àwa náà, kí a tó kọ búrẹ́dì ẹnikẹ́ni ní Ìgànná, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá owó oúnjẹ oṣù kan jọ fún ọmọbìnrin tó ń dì í sínú ọ̀rá àti àwọn ọmọkùnrin tó ń pò ó, ká fi sọ́wọ́ ẹni tí gbogbo ìlú fọkàn tán. Ẹni tí kò bá lè dá igba náírà sí i, kó máa ra búrẹ́dì rẹ̀ lọ.